Ìwé Ìfẹ́ Tó Bá Ọkọ Mi Lọ sí Mọ́ṣáláṣí

Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́: ìwé ìfẹ́ ayé àtijọ́ ni ọtí tèmi. Àwọn ìwé Faransé tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, tí ọmọ ọba á gẹṣin lọ sógun, tí olólùfẹ́ rẹ̀ á máa sunkún fún ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, tí mò ń ṣe wáàsí fáwọn obìnrin lọ́jọ́ àsàlátù! Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mi ò lè jáwọ́. Bí ọkọ mi bá bi mí, màá ní ìwé ìtàn ni. Irọ́ kọ́ ṣá.

Nílé wa ní Yopougon, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìgboro, kò síwèé tí mi ò fi bébà bò. Bébà tí wọ́n fi ń di aṣọ tí mò ń tà wá ni. Mo bo tàwọn ọmọ, mo bo tèmi, mo sì bo ìtumọ̀ Kùránì tọkọ mi. Nínú ààwẹ̀, bí àfáà bá ń ṣe tàfúsírì ní Yorùbá, ọkọ mi ló ń ka Faransé rẹ̀ sókè fáwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, tí Yorùbá ò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ó ti lọ sí mọ́ṣáláṣí ní àdúgbò Adjamé kí n tó mú ìwé mi lórí tábìlì. Mo ṣí i. Láhílà! Ìtumọ̀ Kùránì ni. Tèmi ló gbé lọ.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Mo pè é, ó ti pa fóònù. Mo kó sínú ọkọ̀ gbaka, ó ń dúró gbérò níbi gbogbo, mo ń ṣépè fún dírẹ́bà nínú, mo sì ń gbààwẹ̀! Bó bá lọ ka ìfẹnukonu sókè níwájú gbogbo jámáà ńkọ́? Ṣé yóò tún fojú ire wò mí láyé?

Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin lẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ń jáde nínú ẹ̀rọ: ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ń kà, láti inú ìwé tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo jókòó, mo bú sẹ́kún ayọ̀. Ìyá kan rò pé wáàsí ló wọ̀ mí lára, ó ń gbàdúrà fún mi.

Nígbà tó jáde, mo kúnlẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìwé ìfẹ́ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà á."

"Mo ti mọ̀. Inú gbaka ni mo ti ṣí i. Mo ka ogójì ojú ewé kí n tó dé Adjamé."

Ara mi wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo nawọ́ kí n gba ìwé mi. Ó yí i sí abíyá kejì.

"Ọmọ ọba yẹn," ni mo bẹ̀rẹ̀, "tó bá ti ogun dé..."

"Ìyá wọn, pa ẹnu ẹ mọ́! Mi ò tíì kà á débẹ̀."