Àlìkámà Tó Ń Yọ́ Lẹ́nu

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi ò tíì yọ lókè àlìkámà, bàbá mi a máa gbé mi lọ sí oko kan lẹ́yìn ìlú Denton. Cedar Hill là ń gbé nígbà náà. Màá sùn ní gbogbo freeway, tí mo bá sì lajú, gbogbo ayé ti di wúrà, atẹ́gùn á máa fọwọ́ pa oko lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Bàbá mi ló ń yan irúgbìn fún olóko. Á fi kóró ọkà kan sí mi lẹ́nu, á ní, "Rún un, má gbé e mì." Èyí tó bá ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, ti búrẹ́dì nìyẹn. Èyí tó bá yọ́ bí ẹfun lórí ahọ́n, òun ni bàbá mi ń wá. Ajílẹ̀ díẹ̀ ló máa ń fi sí ìdí ọkà náà, kó má baà le. Mo bi í pé ta ló ń jẹ èyí tó ń yọ́.

"Wọn kì í jẹ ẹ́, ìyá mi. Ọtí ni wọ́n ń fi ṣe." Ó ní kí n má sọ fún màmá mi.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹni tó bá mutí, wọ́n á gbàdúrà fún un. Ẹni tó ń gbin ọkà ọtí wá ńkọ́? Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni bàbá mi máa ń jókòó sí.

Lọ́dún kan, màmá mi ṣèlérí níwájú ìjọ pé àlìkámà ọkọ òun lòun máa fi ṣe búrẹ́dì ìkórè. Bàbá mi ò rí ọ̀nà kọ̀, ó gbé àpò kan wálé. Màmá mi lọ̀ ọ́, ó pò ó, ó fi aṣọ bò ó. Kò wú. Ó tún un ṣe, ó tún rí pẹlẹbẹ bíi sálúbàtà. Ló bá bú sẹ́kún. Àánú ẹ̀ ṣe mí, ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi: "Mummy, ẹ má sunkún. Irú èyí kì í fà. Ti ọtí ni."

Màmá mi mú ọkà kan, ó rún un títí, ó ń wo bàbá mi.

"Ẹ sì jẹ́ kí n máa fọ́nnu kiri."

"Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn," bàbá mi wí. "Ojú ẹ ni mò ń sá fún."

Màmá mi nujú. Ó ní ohun tí kì í fà, chin-chin ló yẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday, ìyàwó pásítọ̀ jẹ ẹ́, ó ní ó ń yọ́ lẹ́nu, irú fúláwà wo nìyí? Màmá mi ò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ mi ló gbìn ín, mà. Ọtí ni wọ́n ń fi ṣe. Èmi fi ṣe chin-chin." Ìyàwó pásítọ̀ wò ó, ó wo abọ́, ó tún bù sí i.

Ayé ti yí. Ilé ti bo oko yẹn. Tá a bá ń kọjá lọ sí Denton, ẹ̀yin ń wo fóònù, èmi ń wá wúrà mi. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń yan irúgbìn báyìí, ẹnikẹ́ni ò rún ọkà mọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí grandpa yín lórí àga iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó fara ti grandma yín, kì í ṣe ọjọ́ orí ló gbé e débẹ̀. Chin-chin ni.