Ilé Tó Sún Mọ́ Wa Jù

Pásítọ̀ ìjọ wa ní Àràmọ̀kọ ló ní kí n pín ìjọ sí ẹgbẹ́ àdúrà mẹ́rin tí yóò máa pàdé nínú ilé. Mo gbà, torí irú iṣẹ́ yìí náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì kọ̀ǹpútà. Mo rìn káàkiri, mo fi fóònù mú ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà. Lẹ́yìn náà, mo sàmì sí ojúkò mẹ́rin lórí máàpù ìlú, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà yóò wọ̀n bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ojúkò wọ̀nyí, yóò sì fi í sábẹ́ èyí tó sún mọ́ ọn jù. Ojúkò náà yóò wá sún lọ sáàárín àwọn ilé tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò tún un wọ̀n, títí tí ilé kankan ò fi ní kúrò lábẹ́ ojúkò rẹ̀ mọ́. Ilé tó bá sún mọ́ ojúkò jù ni ẹgbẹ́ yóò ti máa pàdé.

Ọ̀kan nínú ibi ìpàdé náà bọ́ sí ilé àbúrò màmá mi, tó kọjú sí ilé màmá mi gan-an. Títì nìkan ló là wọ́n láàárín. Wọn kì í kí ara wọn láti ìgbà tí àǹtí mi ti lọ jẹ́rìí ta ko màmá mi ní kóòtù lórí oko kòkó bàbá wọn.

Màmá mi ò jókòó nígbà tí wọ́n wọlé tọ̀ mí wá.

"Ta ló ní kó o fi mí sí ulé yẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ló pín in, mà. Ibẹ̀ ló sún mọ́ yín jù."

"Ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà pé ó sún mọ́ mi?"

Mo tọ pásítọ̀ lọ.

"Tí mo bá yí ẹnì kan padà," ni wọ́n wí, "gbogbo ìjọ ló máa tò sẹ́nu ọ̀nà mi."

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, àǹtí mi dá mi dúró. "Sọ fún ìyá ẹ, kó gbé àga tó máa jókòó lé wá látilé."

Màmá mi gbé e wá lóòótọ́. Ìta ni wọ́n gbé e sí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń kọrin bo ohùn gbogbo wa. Àǹtí mi gbàdúrà, màmá mi ò ṣe àmín. Àǹtí mi bá dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ màmá mi síta. Inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì débi pé mi ò gbọ́ ìyókù àdúrà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, màmá mi gun ọ̀kadà lọ sí ìjọ mìíràn ní Ìlogbò. Pásítọ̀ ní kí n yọ ilé wọn kúrò, kí n tún un pín. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ojúkò sún díẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹlòmíràn. Bí àdúrà ṣe kúrò nílé àǹtí mi nìyẹn.

"Ìyá ẹ ló rán ẹ," ni àǹtí mi wí nígbà tí mo mú ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi bó ṣe ṣẹlẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n wọlé, wọ́n fi mí sílẹ̀ níta.

Ẹ̀wà ni màmá mi ń ṣà nígbà tí mo sọ fún wọn.

"Ṣé ó sunkún?"

"Mi ò wo ojú wọn, mà."

Wọ́n ní ó yẹ kí n wò ó.