Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Òkun Gbé Lọ

Òórùn ẹja yíyan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé apẹ̀rẹ̀ kan láti etí òkun Ìlàjẹ wá sí ilé mi ní Galadimawa, ní olú ìlú, ní ọdún 2014, èmi amòfin ìjọba sì ń ṣí fèrèsé kiri kí àwọn aládùúgbò má baà gbóòórùn ibi tí wọ́n ti bí mi.

Èmi ni mo ní kó wá. Ọ́fíìsì wa ń kọ òfin lórí ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá apẹja láti òkè òkun kò gbọdọ̀ dé nínú omi wa. Wọ́n ti ń fa àwọ̀n àwọn ará ilé mi ya, wọ́n sì ń kó ẹja lọ. Mo kọ ojú ìwé kan tí yóò ya omi tó súnmọ́ ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré. Ọ̀gá mi, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ní òun fẹ́ gbọ́ tẹnu apẹja kan kí òun tó fọwọ́ sí i.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tó jẹ́ tiyín lórí omi?" ọ̀gá bi í ní ọ́fíìsì, níwájú gbogbo wa.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa bá ti wọ ẹ̀yìn igi àgbọn méjì, a ti dé ibi tí bàbá wa ń dẹ àwọ̀n sí nìyẹn, sà."

Ọ̀gá na àwòrán etíkun tí wọ́n yà láti òfuurufú sí i. "Ẹ fi ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún hàn mí."

"Òkun ti gbé e lọ. Ó gbé igi àgbọn náà lọ. Ṣùgbọ́n a ṣì mọ ibẹ̀."

"Háà! Ṣọ́ọ̀ṣì abẹ́ omi ni ẹlẹ́rìí yín? Ẹja ló ń ṣe pásítọ̀ níbẹ̀ nìyẹn!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìwé ìgbéga mi wà lórí tábìlì ọkùnrin náà lọ́sẹ̀ yẹn.

Nínú mọ́tò ni ẹ̀gbọ́n mi tó sọ̀rọ̀. "Àbúrò mi, inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ọ." Ó wọkọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n yọ ojú ìwé mi kúrò. Mo gba ìgbéga. Kò pé ọdún méjì tí ọkọ̀ ńlá kan gba orí àwọ̀n ẹ̀gbọ́n mi kọjá níbẹ̀ gan-an. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀, wọn ò rí òun.

Ọ̀gá náà ti fẹ̀yìn tì báyìí, bíi tèmi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ ní Apo. Tí ìsìn bá parí, á na ọwọ́ sí mi: "Màmá, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi." N kì í gbà á. Wọ́n ní ó yẹ kí ọjọ́ ogbó ti mú ọkàn mi rọ̀. Kò tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò pátápátá ni ọkùnrin yẹn jẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Nínú gbogbo ẹ̀rín tó kún yàrá yẹn, tèmi nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi dá mọ̀.