Ọ̀pá Tí Wọn Kò Gbà Lẹ́nu Ọ̀nà

Akọ̀wé ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Àbúrò ọkọ mi ni. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà. Èmi ni mò ń fọ ṣòkòtò rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi níyàwó, nítorí náà àgbà ni ó jẹ́ fún mi nínú ilé. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i títí eegun orúnkún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, Akọ̀wé ní kí a ta ilé wa ní Ìjẹ̀gùn. Mo kọ̀. Kò pẹ́ sí i, mo gbé fóòmù ibùsùn tí ọkọ mi kú lé lórí sí ẹ̀yìnkùlé, mo dáná sun ún. Ohun tí Akọ̀wé ń wá gan-an nìyẹn. Páìpù epo gba abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò wa kọjá, kò sì sí ẹni tó ń fi iná ṣeré níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti gbiná rí. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ pé ìbànújẹ́ ti dà mí lórí rú, pé mo fẹ́ sun gbogbo wọn. Ó wá ní kí á lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò ní ìhà Ìgàndó. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ló gbé mi lọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, èmi tí mo fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá ilé ìwé girama.

Ọmọbìnrin mi ló gba lọ́yà. Dókítà ní kò bójú mu láti gbé mi jáde, adájọ́ ló máa wá bá wa. Wọ́n sọ yàrá ìjẹun di kóòtù, ibẹ̀ ni wọn yóò ti pinnu bóyá n ó padà sílé mi tàbí n ó jókòó síbẹ̀.

Ààbò, ààbò, ni wọ́n ń ké láti àárọ̀. Wọ́n gba awò ojú mi, wọ́n ní dígí lè gé ènìyàn. Wọ́n tú gèlè mi, wọ́n ní aṣọ lè di okùn.

"Màmá, ẹ má bínú," nọ́ọ̀sì wí. "Torí ààbò ni."

"Ààbò ta ni?"

Ó ká gèlè náà sábẹ́ apá.

Bí wọ́n ṣe ń mú mi wọlé, pẹ̀lú orí funfun tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, Akọ̀wé dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tó wúwo bí ọmọ odó. Orúnkún mi kò bi mí kó tó kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé."

"Ìyàwó, ṣé ara ti ń le díẹ̀díẹ̀?"

Ọlọ́dẹ tó ń yẹ ara àwọn ènìyàn wò lẹ́nu ọ̀nà rí i pé ìyá arúgbó kúnlẹ̀ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ wọlé jàre. Ta ló máa fọwọ́ kan irú àgbà báyìí?" Báyìí ni ọ̀pá ṣe wọlé.

Wọ́n fi mí sí kọ̀rọ̀, ọkùnrin méjì dúró tì mí bí ẹni ń ṣọ́ àgbò iléyá. Adájọ́, obìnrin ni, bi mí ìdí tí mo fi sun fóòmù.

"Olúwa mi, ṣé kí n tún sùn lórí ibi tí ọkọ mi kú sí ni? Akọ̀wé fúnra wọn ló ní kí n sun ún."

"Irọ́ ni!" Akọ̀wé fò dìde, ó fi ọ̀pá lu tábìlì gbàmù. Ife omi fò, adájọ́ sá sẹ́yìn kíláàkì kóòtù. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn sì bẹ́, wọ́n di apá mi mú. Apá èmi!

Adájọ́ ní ibẹ̀ kò ní ààbò, ó sún ẹjọ́ síwájú. Wọ́n dá mi padà sí yàrá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni a wà nígbà náà. Òjò ti ń rọ̀ kí wọ́n tó tún jókòó.

Lọ́jọ́ ìjókòó kejì ẹjọ́ náà, mo rí Akọ̀wé tó ń bọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, n kò mira. Ọlọ́dẹ wò mí, ó wò ó.

"Bọ̀dá, ẹ gbé ọ̀pá yẹn sílẹ̀. Ẹ na ọwọ́."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ẹ bọ́ bàtà."

Nígbà tí adájọ́ bi í léèrè, kò sí ohun tó máa fi lu tábìlì mọ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n sun fóòmù, àbí ẹ̀yin kọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Èmi ni, olúwa mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Wèrè wo ló wá wà níbẹ̀?"

Adájọ́ ní kí n máa lọ sílé. Mo wé gèlè mi, mo fi awò ojú mi sójú, ọmọ mi gbé báàgì. Akọ̀wé dúró lẹ́nu géètì, ó ń retí kí wọ́n dá ọ̀pá rẹ̀ padà. Mo kọjá lára rẹ̀ ní ìdúró. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi lẹ́yìn ni mo gbọ́ kẹ́yìn láti ẹnu rẹ̀:

"Ìyàwó! O ò ní kúnlẹ̀? Ẹ wò ó, wọn ò tíì wò ó sàn!"