Rọ́bà Tí Elétí Fi Ń Gbọ́ Ẹńjìnnì

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí wọ́n má bàa ní mo kàn ń kanra lásán. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu. Ẹni tó bá fẹ́ mẹkáníìkì tó ń fi kún agbára mọ́tò ńkọ́? Ariwo ló fẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi kọjú sí fèrèsé ilé ìdáná wa. Láàárọ̀, vùùù. Lọ́sàn-án, vùùù. Aṣọ tí mo bá sá, èéfín ló máa ń rùn.

Elétí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó. Á ti orí kan bọ etí, á máa gbé orí kejì káàkiri ẹńjìnnì, á dijú. "Ibí yìí ni kò ti rí afẹ́fẹ́ fà dáadáa." Nígbà náà ni yóò tó pààrọ̀ fílítà, tí yóò sì fẹ páìpù èéfín lójú díẹ̀. Mọ́tò tó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ á wá ki eré mọ́lẹ̀.

"Ariwo kọ́ lagbára," ló máa ń sọ fáwọn tó bá fẹ́ kí gbogbo ìgboro gbọ́ tiwọn. "Páìpù tó bá fẹ̀ jù, ẹńjìnnì á kàn máa pariwo ni, kò ní lè fà."

Ní ọdún yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàn mí lódì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó. Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn. "Ṣé èmi lẹ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ sí?" Ìjà la fi jẹun alẹ́ nígbà mélòó kan, èmi nìkan ni mo sì ń jà.

Nọ́ọ̀sì kan wá gbé mọ́tò eré pupa rẹ̀ wá. Ọmọ kékeré ni nọ́ọ̀sì náà, ó fẹ́ràn kó máa fi mọ́tò sáré ju oúnjẹ lọ. Ó ní mọ́tò náà ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá ń gun òkè ọsibítù. Elétí tún ibi tó ń fa afẹ́fẹ́ ṣe, ó fẹ páìpù èéfín, ó gbọ́ ọ, ó mi orí. "Ohùn rẹ̀ ò tíì là." Ó tún fi páìpù tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. "Kò tíì là." Àwo ń gbọ̀n lórí tábìlì mi! Àfìgbà tó yọ sàlẹ́ńsà tó ń pa ariwo ẹńjìnnì dànù pátápátá ló tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ń gbọ́ mọ́tò ọmọ náà láti ìkóríta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ló wí. "Ariwo rẹ̀ kún ìgboro, àmọ́ kò gun òkè. Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ ló yà mí sílẹ̀."

Elétí kúnlẹ̀, ó ti rọ́bà bọ etí ọ̀tún. Ó pẹ́. Ó gbé e sí tòsì. Mo dúró ti báàfù aṣọ mi, mo rí ojú rẹ̀ tó ń wá ohun tí etí rẹ̀ ò rí gbọ́. Áà! Ọkọ mi ò yàn mí lódì. Ọkọ mi ò gbọ́ mi ni.

Nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí yín wò."

"Páìpù ni, kì í ṣe etí!" Ó pariwo débi pé èmi gan-an ta gìrì. Ta ló máa gbé mọ́tò wá fún Elétí tí etí rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́? Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn.

Ó dá páìpù tó mọ níwọ̀n padà, ó dá sàlẹ́ńsà padà. Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá wọn, wá."

Èmi tí mo kórìíra ẹńjìnnì! Ó ti rọ́bà bọ̀ mí létí, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́. "Kí lo gbọ́?"

"Ó ń súfèé. Tín-ín-rín báyìí. Níbi tí páìpù afẹ́fẹ́ ti so mọ́ ẹńjìnnì."

Ó dè é. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti dákẹ́."

Ẹnu mi ló ń wò, kò wo ẹńjìnnì rárá. Omi bọ́ lójú mi, mo sì ní èéfín ni.

Mọ́tò pupa gun òkè. Àwọn oníbàárà ṣì ń wá. Ọwọ́ mi ò kúrò lára rọ́bà, ọbẹ̀ mi ń jóná, ẹ̀yìn ń dùn mí. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ké pe Elétí, èmi ni mo ń dáhùn.