Ìgbà tí Ohùn Màmá Ń Já Láti Kétu

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, tí èmi ń ṣọ́ òpó ńẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lẹ́yìn ìlú Ìlárá. Iṣẹ́ mi ni láti máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀, kí n gbá abẹ́ òpó, kí n sì ké sí àwọn ẹnjiníà bí nǹkan bá bàjẹ́. Wọ́n ti kọ́ mi ní nǹkan díẹ̀, mo sì ń fi ìwọ̀nba yẹn yan fanda láàárín ìlú bí ẹni pé èmi ni mo ri òpó náà mọ́lẹ̀.

Màmá mi wà ní Kétu, ní òdìkejì bọ́dà ní ilẹ̀ Benin, nígbà náà. Ó lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Kí ó tó ní òun fẹ́ padà wálé, ọ̀nà ti dí. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń gba inú igbó kọjá lórí ọ̀kadà, ṣùgbọ́n orúnkún Màmá kò gba irú ìyẹn. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù tó lè rékọjá wá bá mi, dátà la sì fi ń pe ara wa ní ìrọ̀lẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni wàhálà. Àwọn awakọ̀ tó ń kó ìrẹsì wọlé tẹ́lẹ̀ kò níṣẹ́ mọ́. Wọn á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kálukú pẹ̀lú fóònù rẹ̀, wọn á máa wo bọ́ọ̀lù àti fídíò. Ẹnjiníà kan ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pé bí a bá fi dátà pe ènìyàn, ńṣe ni ẹ̀rọ ń gé ohùn wẹ́wẹ́, á dì í ní ẹyọ-ẹyọ, á sì kó o sójú ọ̀nà kan náà tí fídíò ń gbà. Bí ọ̀nà bá kún, ẹni tó ń wo fídíò á dúró díẹ̀, àwòrán rẹ̀ á dé. Ohùn kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá pẹ́ dé, ẹ̀rọ á jù ú nù, ọ̀rọ̀ á sì máa já.

Màmá kì í sọ ohunkóhun láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kì mí. "Alò, Àjàní ọkọ mi, ọmọ a-jí-tẹ-ìrì-lóko..." Kí a tó dé orí ìlera ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìpè á ti gé. Á tún pè, á ní, "Rẹsó ò dáa níbí," bí wọ́n ti ń pe ńẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Kétu, á sì tún bẹ̀rẹ̀ oríkì láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí lójú tirẹ̀, oríkì tí kò bá dé etí ọmọ kò tíì jẹ́ kíkì. Èmi kò sì sọ fún un pé ọ̀dọ̀ tiwa ni ọ̀nà ti kún.

Oṣù mélòó kan la fi ń bá a bọ̀ báyìí. Ó rẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ru kẹ́ẹ̀gì epo láti àárọ̀, nítorí ọkọ̀ epo kì í dé ẹ̀bá bọ́dà mọ́, ó pè, ó já, ó tún pè, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi oríkì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n." Èmi ọmọ ni mo pa òwe fún ìyá mi, mi ò tilẹ̀ ní tótó ṣe bí òwe.

Ohùn rẹ̀ kò já rárá nígbà tó dáhùn. "Ó dáa, ọmọ mi. Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń mira díẹ̀. Ó dàárọ̀."

Láti ọjọ́ náà, ìpè wa kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo tilẹ̀ yin ara mi pé mo gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé oríkì Màmá kò tó nǹkan kan lára ẹrù tó kún ojú ọ̀nà. Bó dákẹ́, bó sọ̀rọ̀, fídíò àwọn ará abẹ́ máńgòrò kò ní dín. Àárẹ̀ ló mú mi, mo sì wá ẹni tí mo lè pa lẹ́nu mọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà tí Màmá dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójúde. Mo ń retí kó pè mí ní Àjàní. Ó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó ní, "Dìde, ilẹ̀ dọ̀tí."

Mi ò ṣọ́ òpó mọ́. Wọ́n ní ohùn ti ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ báyìí, ìpè sì ń dún ketekete. Màmá ń gbé lọ́dọ̀ mi, kò bínú, a jọ ń ṣeré, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí láti bẹ̀ ẹ́ pé kó kì mí. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, mo máa ń pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ kí n tó dìde.