Mẹ́yọ̀ Àjà Kẹta

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Peckham nílùú òyìnbó nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ tọ́jú Bàbá kan, ará Faransé. Àjà kẹta ni Bàbá ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn, tó máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Bí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn. Ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń wà. Kùrukùru á ti bo òpópónà nísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú irin á máa yọ́ kọjá bí ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá.

Bàbá ti jẹ́ mẹ́yọ̀ rí, olórí ìlú kékeré kan létí odò. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí àwọn ará ìlú fi ń dìbò fún wọn. Mẹ́yọ̀ ló ń so tọkọtaya pọ̀ níbẹ̀, Bàbá a sì gbé ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta àsíá Faransé kọ́ èjìká. Wọ́n mọ aboyún, wọ́n mọ ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Gẹ̀ẹ́sì wọn ò já gaara, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ròyìn ìlú náà, èmi náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn odò. Bí a bá jọ ń rìn lọ ní Rye Lane, wọ́n á máa mirí sí àwọn tó ń to ọ̀gẹ̀dẹ̀ síta, bí ẹni pé àwọn yẹn ló dìbò fún wọn.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò padà sílé?"

"Akọ̀wé mi ló dà mí," ni wọ́n wí.

Ọmọ wọn ló là á yé mi ní kíṣìnì. Ilẹ̀ kan wà létí odò tí òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí, nítorí àkúnya omi. Àbúrò Bàbá ló ni ín. Bàbá fọwọ́ sí ìwé pé kó kọ́lé síbẹ̀ tà. Akọ̀wé tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ní kí wọ́n má ṣe é, wọn ò gbọ́. Ìyẹn gbé ìwé náà lọ sílé ẹjọ́. Kí ẹjọ́ tó parí, àwọn ilé ti dúró. Adájọ́ ní Bàbá ò gbọdọ̀ dupò mọ́, àwọn tọkọtaya tí wọ́n so pọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀ tí wọ́n bá pàdé wọn lọ́nà.

Nígbà tí òtútù ń rọ̀, ìyá onírun funfun kan kanlẹ̀kùn, ó gbé ìgò oyin dání. Akọ̀wé náà ni. Mo rò pé Bàbá á lé e. Wọ́n nawọ́ sí àga fún un. Mo po tíì. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ, jẹ́jẹ́, títí oòrùn fi kúrò lára ògiri.

Nígbà tó lọ, Bàbá yíjú sí mi.

"Ó ní omi ti wọ àwọn ilé yẹn," ni wọ́n wí. "Orí tábìlì ni ìyá arúgbó kan jókòó sí títí wọ́n fi wá gbé e."

"Ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀?"

"Mo mọ̀. Mo ti pẹ́ lórí oyè débi pé mo rò pé odò náà á gbọ́ tèmi."

Mo kó àwọn ife lọ fọ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ wọn mú wọn padà lọ sí ìlú náà láti kí ìyá arúgbó orí tábìlì yẹn. Mo wà ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù nígbà tí Bàbá pè mí lórí fóònù.

"Ṣé ó dárí jì yín?"

"Kò dárí jì mí. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ilẹ̀ ilé òun ṣe, kí n bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ ọ, mo wọlé, mo jókòó tì í."